Ìgbálẹ̀ Tí Máníjà Prosper Gbé Kọ́

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn ọkùnrin kan tí ẹnu ara rẹ̀ kó bá fún yín. Ìlọ́fà ló ti ṣẹlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọlọ́kadà tó ń lọ sí Ayégúnlẹ̀ ti máa ń dúró gbé èrò. Súpámákẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ìrọ̀rùn. Alhaja Saadat, oníṣòwò kan láti Ìlọrin, ló ni ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi máníjà ibẹ̀ pé ta ló ni ilé ìtajà yìí, yóò kọ́kọ́ tún táì rẹ̀ ṣe, yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò wá ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ti ẹni tó ni ín sílẹ̀ ná. Ẹni tó ń darí rẹ̀ lẹ ń wò yìí."

Prosper Ilésanmí lorúkọ rẹ̀. Orúkọ yẹn nìkan kò tó o. Ó ní káàdì kan tó fi há àyà, ohun tí wọ́n kọ sí i ni Máníjà Àgbà Pátápátá. Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé ta ni máníjà kékeré, kò sí. Gbogbo ọmọ ogun tí ọ̀gágun yìí ń darí kò ju ènìyàn mẹ́ta lọ: Badirat tó ń gbowó, Favour tó ń to ọjà sórí pẹpẹ, àti Bàbá Ṣítù tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Òwúrọ̀ lẹ ì bá rí i. Ọkadà ló máa ń gbé e wá láti ilé, ṣùgbọ́n yóò sọ̀ kalẹ̀ níbi kọ́nà, yóò gbọn eruku kúrò lára kóòtù, yóò sì fẹsẹ̀ rin èyí tó kù, kí ayé má baà mọ̀ pé ẹni bíi tòun ń gun ọkadà. Bí Bàbá Ṣítù bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, àṣẹ ni pé kí ó fọn fèrè, kí ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, kí ó kígbe pé, "Ẹ gbé orí yín sókè! Máníjà Àgbà Pátápátá ti ń bọ̀!" Ikọ́ kò sì jẹ́ kí bàbá náà lè sọ "pátápátá" yẹn tán lẹ́ẹ̀kan náà. Oníbàárà tó bá mú búrẹ́dì lọ́wọ́ lásìkò yìí, kó dúró ti búrẹ́dì rẹ̀ ni o.

Inú ilé ni Badirat ti máa ń dúró dè é. Ọmọ yìí ní ẹnu. Yóò kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, yóò ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá wa. Ẹ̀yin tí ṣúgà rí tó gbàgbé adùn ara rẹ̀! Ẹ̀yin tí fíríìjì ń wò tó ń gbọ̀n!" Favour yóò sáré sápamọ́ sẹ́yìn páálí ìndómì kí ẹ̀rín má baà pa á. Prosper ní tirẹ̀ yóò di ojú pé, kí oríkì náà lè wọlé dáadáa. Lójoojúmọ́ ló ń gbà á gbọ́. Yóò wá gun orí àga rẹ̀. Orí kéréètì mínírà ló to àga náà lé láàrin ilé ìtajà, kí ó lè máa wo gbogbo ènìyàn láti òkè.

Ní ọjọ́ kan, ìyá kan wá láti Koro, ó ra ọṣẹ páálí kan. Ó ní kí Badirat fi màgí kékeré kan ṣe èènì fún òun, bí gbogbo wa ti ń ṣe lọ́jà láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa. Prosper fò dìde lórí kéréètì.

"Èènì kẹ̀!" ó ké. "Ìyá, ẹ fetí sílẹ̀ sí ìlànà. Nípa agbára tí a fi jíǹkí ipò tí mo wà yìí, mo kéde pé olè ni èènì. Ẹni tó ń tọrọ rẹ̀, olè. Ẹni tó ń fi í sílẹ̀, olè. Bí àwọn òyìnbó bá ń ṣe èènì, ṣé wọn ì bá ti dé òṣùpá?"

Ìyá náà gbé ọṣẹ rẹ̀ rù. "Ọmọ mi, èmi éè lọ sóṣùpá o. Ulé mi ni mò ń lọ."

Ọ̀rọ̀ gígùn a máa gbẹ ọ̀fun ẹni. Nítorí náà, bí ìyá náà ti jáde, Prosper ṣí fíríìjì, ó mú mọ́ọ̀tì tútù kan, ó dà á sí ọ̀fun. Ẹ má pè é lólè o. Àyẹ̀wò ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fún un lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ó ní máníjà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ohun tí òun ń tà dára lẹ́nu aráàlú. Nítorí ìfẹ́ aráàlú, ó máa ń ṣe àyẹ̀wò sàdíìnì láàárọ̀, ó máa ń ṣe àyẹ̀wò bísíkíìtì lọ́sàn-án, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú lọ, yóò di mílíìkì àti ẹja inú agolo sínú báàgì fún ohun tó ń pè ní àyẹ̀wò abẹ́lé. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò purọ́. Ó gba ara rẹ̀ gbọ́ gan-an ni. Ẹ ò rí i pé ìyẹn burú ju irọ́ lọ?

Bí àyẹ̀wò ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọjà ń dín kù lórí pẹpẹ. Ni Alhaja Saadat bá pè é lórí fóònù.

"Prosper, ẹrù mi ń lọ láìtà. Ẹnì kan ń jẹ mí níbẹ̀ yẹn. Gbọ́ mi o. Mò ń ṣí ilé ìtajà tuntun sí Òsì, mo sì ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó Òsì àti Ìlọ́fà pa pọ̀. Ìwọ ni mo ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n mò ń bọ̀ ní Sátidé. Kí n tó dé, wá ẹni tó ń mú ẹrù mi. Bí o kò bá rí i, n óò fi ẹlòmíràn síbẹ̀, n óò sì tún ọ̀rọ̀ tìrẹ wò."

Kí fóònù tó kúrò létí rẹ̀, Prosper ti dé Òsì nínú ọkàn rẹ̀. Ó lọ dá kóòtù tuntun. Ó ní kí wọ́n tún káàdì àyà rẹ̀ kọ: Máníjà Àgbà Pátápátá, Ìlọ́fà, Òsì àti Agbègbè Wọn. Damaris ìyàwó rẹ̀ ti bá onílé kan ní Òsì sọ̀rọ̀, ó ti ń wo irú kọ́tìnnì tí yóò bá fèrèsé rẹ̀ mu. Gbogbo ìjọ wọn ló ti gbọ́, wọ́n sì ti dúpẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí wọ́n rí olè.

Prosper gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, ó pè é ní Ìgbìmọ̀ Olùwádìí lórí Bísíkíìtì Tó Ń Sọnù. Òun ni alága. Òun ni akọ̀wé. Nígbà tó wo ọ̀tún wo òsì tí kò rí ẹlòmíràn tó pójú owó, òun náà ló tún ṣe ọmọ ìgbìmọ̀. Ó jókòó sẹ́yìn pẹpẹ, ó bá ara rẹ̀ fọ̀rọ̀ jomi tooro ọ̀rọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Ebi sì ń pa ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọpọlọ, ó já bísíkíìtì kan jẹ, ó tún já òmíràn. Ìgbìmọ̀ náà fẹnu kò pé eku ni. Wọ́n dẹ pańpẹ́ sí gbogbo igun, ilẹ̀ sì mọ́, kò sí eku kankan.

Bí kì í bá ṣe eku, á jẹ́ pé ènìyàn ni. Ni Prosper bá yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́. Ó tú báàgì Favour, ó tú pọ́ọ̀sì Badirat. Ó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ṣítù, ó gba abọ́ oúnjẹ rẹ̀, ó fi ṣíbí wá inú iyán náà káàkiri bóyá wọ́n ri sàdíìnì mọ́ ọn.

"Uyán ni," bàbá náà wí. "Ìyá ilé mi ló gún un. Éè sí kinní kan nínú ẹ̀."

"Ìwádìí kò mọ àgbà, Bàbá."

Inú bí mi níbí yìí, n ò sì ní fi pa mọ́. Ọkùnrin tó ti bí ọmọ, tó ti bí ọmọ ọmọ, ọmọ àná ń fi ṣíbí tú iyán rẹ̀ níwájú èrò! Bàbá Ṣítù dé abọ́ rẹ̀ padà, kò sì jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Prosper sì tún gun kéréètì, ó ní bí Sátidé bá fi lè dé tí òun kò rí olè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òun yóò lé lọ, kí Alhaja lè rí i pé òun kì í ṣeré.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló rántí bàbá rẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, bí bàbá rẹ̀ bá kó iṣu jọ sétí ọ̀nà oko, ààlè ló máa ń fi lé e. Yóò so ìgbálẹ̀ tó ti gbó mọ́ akísà pupa, yóò gbé e ka orí iṣu, yóò sì máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án, nítorí ẹni tó bá mú ohun tí ààlè wà lórí rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ fún ohun tí ààlè náà bá sọ. Prosper na ìka sókè. Kí ló dé tí òun kò ti ronú kàn án tẹ́lẹ̀?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá ìgbálẹ̀ tó ti gbó kù díẹ̀, ó wá akísà pupa, ó wá bàtà ẹsẹ̀ kan tí kò ní ìsàlẹ̀. Ó so wọ́n pọ̀, ó sì fi ìṣó kan kàn wọ́n mọ́ igi òkè ẹnu ọ̀nà, ní ibi tí ẹnikẹ́ni tó bá ń wọlé yóò ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. Àwọn ọlọ́kadà pàápàá pa ẹ́ńjìnnì wọn kí wọ́n lè gbọ́.

"Ẹnikẹ́ni tó bá mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú ilé ìtajà ńlá yìí," ó bẹ̀rẹ̀, "kí ìgbálẹ̀ yìí gbá a kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀! Kí bàtà yìí máa lé e kiri, kó má ríbi jókòó sí!"

Badirat gbé orí sókè. "Ọ̀gá wa, ṣé ẹni tó bá mú un láti òní lọ nìkan ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Prosper. Ó ríbi tí yóò ti fẹ̀ ẹ́ lójú. "Láti òní lọ, àti àtẹ̀yìnwá! Èyí tó ti mú, èyí tó ń mú, àti èyí tó ní i lọ́kàn láti mú!"

"Ọmọṣẹ́ nìkan ni àbí ọ̀gá náà?"

"Ọmọṣẹ́ àti ọ̀gá! Ìgbálẹ̀ kò mọ ipò! Ẹ ṣe àmín!"

Wọ́n ṣe àmín. Tirẹ̀ ló dún jù. Wọ́n ní àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ ọjà gbọ́ ọ.

Ó fi ìdùnnú ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà, ó sì gbé mílíìkì àti ẹja inú agolo lọ sílé bí àṣà. Damaris gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́ ìròyìn ààlè láti ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò. Ó mú agolo kan síta, ó yí i wò.

"Bàbá Tóbilọ́ba, ṣé ẹ rà á ni?"

"Màmá Tóbi, ó tó ọjọ́ mélòó tí mo ti ń sọ fún ọ? Àyẹ̀wò ni."

"Mo mọ̀ pé àyẹ̀wò ni. Ṣé ẹ sọ fún ìgbálẹ̀ yẹn náà pé àyẹ̀wò ni?"

Damaris gbé agolo náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lọ se ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò ní ẹja. Prosper ti ẹ̀bà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo sàdíìnì tó ti jẹ láti ọdún tó kọjá ń padà wá sọ́kàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ronú pé bí ilẹ̀ bá mọ́, òun yóò rọra já a bọ́. Ṣùgbọ́n wàhálà mìíràn ti ń dúró dè é. Kò sí oníbàárà. Olùkọ́ tó máa ń wá ra tíì dé ẹnu ọ̀nà, ó wo òkè, ó rí ìgbálẹ̀, ó fà sẹ́yìn. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí láti ìta. "Ṣé ẹ kò tà á mọ́ ni?" Ìyá Koro wá pẹ̀lú, ó wo òkè, ó sì kọjá sí ọ̀dọ̀ obìnrin tó ní kíóòsì ní òdìkejì. Ẹni tí a bí sí agbègbè yìí mọ ohun tí ààlè ń sọ. Ó ń sọ pé ẹni tó ni nǹkan kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un. Ta ni yóò wá fowó ra ohun tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kàn?

Àwọn òṣìṣẹ́ náà jókòó. "Sà, ẹ̀rù ń bà mí," Favour wí. "Bí mo bá gbé mílíìkì láti pẹpẹ yìí sí pẹpẹ yẹn, ṣé mo ti mú un nìyẹn?" Badirat ń ta ayò lórí fóònù rẹ̀.

Prosper gun àga, ó na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀ náà. Ọwọ́ dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ nu eruku tẹ́lẹ̀. Ó fa Bàbá Ṣítù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ kinní yẹn."

"Èmi kẹ̀?" Bàbá Ṣítù wí. "Ẹni ó fi kọ́, òun ni é yọ ọ́. Àbí uyán tún kù tí ẹ fẹ́ tú ni?"

Ó sáré lọ bá wòlíì ìjọ wọn. Wòlíì ní kí ni Kristẹni ń fi ààlè ṣe, òun kò ní fọwọ́ kàn án, kí ó lọ yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó yà lọ́dọ̀ lémọ́mù. Lémọ́mù ní a-ùsù bílláhi, kí Ọlọ́run ṣọ́ òun, òun náà kò ní fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ẹni bá mọ́, kí ló tún ń bà á lẹ́rù? Prosper wọ bàtà rẹ̀, ó ń lọ.

Sátidé dé. Ọkọ̀ Alhaja Saadat dúró níwájú Ìrọ̀rùn. Àwọn ènìyàn ti kún ìta fọ́fọ́ nítorí ìròyìn ti kàn, ṣùgbọ́n inú ilé ìtajà ṣófo. Prosper wọ kóòtù tuntun. Òógùn ti mú kí káàdì àyà rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ sì ti fà nítorí pé láti ọjọ́ tó ti so ààlè kò tíì jẹ nǹkan tó lórúkọ.

Alhaja dé ẹnu ọ̀nà, ó wo òkè.

"Prosper. Ta ló fi ààlè lé ẹrù mi?"

"Alhaja tó níyì jù lọ," Prosper bẹ̀rẹ̀, "ní ìbámu pẹ̀lú ètò ààbò tí ọ́fíìsì mi gbé kalẹ̀ láti fòpin sí..."

"Ẹni tó ni ẹrù ló ń fi ààlè lé e. Ṣé o ti rà á lọ́wọ́ mi ni?"

Ìta bú sẹ́rìn-ín. Alhaja gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Obìnrin náà kì í ṣe òǹrorò. Ó ní, "Kò burú. O fẹ́ mú olè fún mi ni, mo mọ̀. Yọ ọ́ kúrò, jẹ́ kí àwọn èèyàn wọlé." Ó ti ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ kọ́kọ́rọ́ tuntun kan. "Kọ́kọ́rọ́ Òsì rèé. Bí o bá ti yọ nǹkan yẹn báyìí, tìrẹ ni."

Gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí ń lá lálàá rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀ yẹn, kò sì ju ìṣó kan lọ sí i. Badirat gbé àga wá fún un. Bàbá Ṣítù di àga náà mú kó má baà yẹ̀. Prosper gùn ún. Ó wo kọ́kọ́rọ́, ó wo ìgbálẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó fà á padà. Ó na ọwọ́ òsì, ó tún fà á padà. Atẹ́gùn kékeré kan fẹ́ wọlé, ẹyọ kan ṣoṣo sì já lára ìgbálẹ̀ tó ti gbó náà, ó balẹ̀ sórí imú rẹ̀.

"Yéè!" Prosper já bọ́ láti orí àga sáàrin èrò. "Àyẹ̀wò ni o! Àyẹ̀wò ni! Sàdíìnì tí mo yẹ̀ wò, nítorí aráàlú ni! Mọ́ọ̀tì... mọ́ọ̀tì náà, ìlànà ni! Mílíìkì, mo gbé e lọ sílé o, mo jẹ́wọ́, Tóbilọ́ba ló mu ún, ẹ má jẹ́ kí bàtà yẹn lé mi! Bísíkíìtì, ìgbìmọ̀ ló jẹ ẹ́!"

"Ìgbìmọ̀ wo?" Alhaja bi í.

"Èmi ni!"

Mo ti rí èrò tó rẹ́rìn-ín rí, n ò tíì rí irú èyí. Ọlọ́kadà kan rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá Koro di ìdí mú. Bàbá Ṣítù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wò ó, ó sì ń mi orí.

Alhaja gun àga náà fúnra rẹ̀. Ó yọ ààlè kúrò lórí ìṣó bí ẹni yọ aṣọ lórí okùn. "Èmi ni mo ni ẹrù mi," ó wí. Ó sọ kọ́kọ́rọ́ Òsì padà sínú báàgì, ó sì gbé ìgbálẹ̀ àti akísà àti bàtà náà lé Prosper lọ́wọ́. "Gbà. Ìwọ lo ní kó gbá ẹni tó bá mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Máa lọ sílé."

Ó fẹsẹ̀ rìn délé ní ọjọ́ náà. Kò sí ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Badirat ló di máníjà. Ó kó kéréètì kúrò láàrin ilé, ó dá èènì padà, ó sì ní kí Bàbá Ṣítù ju fèrè náà sígbó. Damaris kò sọ̀rọ̀ kọ́tìnnì mọ́. Prosper ń gun ọkadà báyìí, òun ló ń wà á, láàrin Ìlọ́fà àti Koro.

Ó pẹ́ kí ó tó tún wọ Ìrọ̀rùn. Ṣúgà tán nílé, kíóòsì òdìkejì sì tì, ni Damaris bá rán an. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ́kọ́ wo òkè. Ìṣó nìkan ló wà níbẹ̀. Bàbá Ṣítù ní, "Ẹ máa wọlé, oníbàárà." Ó wọlé, ó mú ṣúgà, ó sanwó rẹ̀. Badirat di í sínú ọ̀rá, ó sì mú bísíkíìtì kékeré kan lé e.

"Èènì yín nìyẹn, sà."

Prosper wo bísíkíìtì náà. Ó tún wo ìṣó òkè ẹnu ọ̀nà. Ó ti ọ̀rá náà padà sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Badirat," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú rìsíìtì."